Àtọ́kẹ́ Amọ̀kòkò àti Òkú Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n Ìdí-Emi

Láti ọdún 1947, gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run bá dá, bí Àtọ́kẹ́ bá ti kúrò ní ẹbu níbi tó ti ń mọ ìkòkò, á ṣan amọ̀ kúrò lọ́wọ́, á mú àdá àti ìgbálẹ̀, á sì gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí itẹ́ òkú ìjọ. Kì í tọ́jú sàárè kan kó fi èkejì sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ní í ṣán, gbogbo rẹ̀ ní í gbá. Àwọn ará abúlé a máa kí i pé, "Ẹ kú inúure o, Ìyá Táyọ̀." Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa gbálẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òkìtì yẹn, kò sì mọ èwo ni.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Wọn ò jẹ́ kó mọ̀ ni. Nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ ojú oórì ọmọ. Nígbà tí ibà pa Ọlájùmọ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àwọn obìnrin ilé di Àtọ́kẹ́ mú nínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn ọkùnrin méjì sì gbé ọmọ náà gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n fọ ọkọ́, wọ́n jókòó, wọn ò sọ nǹkan kan. Nínú àwọn méjèèjì, ọ̀kan ti kú, èkejì ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásí, kò sì bọ̀ mọ́. Ìjọ ri àgbélébùú igi mọ́ ibẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ sí i lára bí wọ́n ṣe kọ ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n Àtọ́kẹ́ ò mọ̀wé. Bó bá bi ẹni tó mọ̀wé, onítọ̀hún á yí ọ̀rọ̀ padà. Ó lè dúró síwájú orúkọ ọmọ rẹ̀ fún wákàtí kan kó má mọ̀. Ìdí nìyí tó fi ń gbá gbogbo rẹ̀.

Itẹ́ òkú náà fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Lójú ọ̀nà tó ti Ìwó lọ sí Kuta ni Ìdí-Emi wà, abúlé tí kò ju ogójì ilé lọ, tí Mùsùlùmí, ẹlẹ́sìn òrìṣà àti ọmọ ìjọ Páàdì, ìyẹn àwọn Kátólíìkì, jọ ń gbé pọ̀. Ní ọdún 1938 ni baálé fún ìjọ ní ilẹ̀ oko ẹ̀gẹ́ kan tó ti gbó. Odidi ọdún kan ni ilẹ̀ náà fi wà lófìfo. Inú ilé la ti ń sin àgbà. Ta ni yóò gbé bàbá rẹ̀ lọ sínú koríko bí ẹni tí kò lẹ́bí? Bàbá kan tó ń jẹ́ Pétérù ló kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó pe Àlàní ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ sin mí sí. Bí ẹ bá sin mí sílé, ẹ ti dà mí." Wọ́n ṣe bó ṣe wí. Láti ìgbà náà ni àwọn yòókù ti ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé, títí wọ́n fi pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo abúlé ń kó ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀, àwọn ọdẹ kan tiná bọ igbó lápá odò láti lé òkété jáde. Ọyẹ́ ń fẹ́ burúkú lọ́jọ́ náà. Iná náà sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fo odò, ó gba orí itẹ́ òkú kọjá. Kí àwọn èèyàn tó fi ewé tútù àti omi pa á, kò sí àgbélébùú kan tó kù lóòró. Òjò ọdún púpọ̀ ti fọ àwọn òkìtì náà pẹrẹsẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Àtọ́kẹ́ dé ibẹ̀, eérú ló ń fò ní gbogbo ilẹ̀, kò sì sí ohun tó lè sọ fún èèyàn pé ẹnikẹ́ni sùn síbẹ̀ rí.

Adéyẹmọ, katikíìsì ìjọ, ló ń darí àdúrà nígbà tí Fáda kò bá sí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Fáda òyìnbó ń ti Ìwó wá lórí alùpùpù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Adéyẹmọ, èèyàn rere ni, ọ̀nà àbáyọ ló sì ń wá. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú sí jáde, ó ka orúkọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà fún ìjọ, ó ní:

"Ẹ̀yin ará, ìwé mọ orúkọ wọn, kò mọ ibi tí oníkálukú sùn sí. Èrò tèmi ni pé ká tẹ́ ilẹ̀ náà dọ́gba, ká fi sìmẹ́ńtì mọ àgbélébùú ńlá kan ṣoṣo sáàárín fún gbogbo wọn. Ọlọ́run mọ̀ wọ́n."

Àtọ́kẹ́ dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún àwọn àgbà kó tó sọ̀rọ̀. "Katikíìsì, òótọ́ ni, Ọlọ́run mọ̀ wọ́n. Àwa ni a ò níí mọ̀ wọ́n mọ́."

"Kí la wá fẹ́ ṣe, Ìyá Táyọ̀? Bí a bá tún fi igi ṣe é, tí iná ò bá jó o, ikán á jẹ ẹ́."

"Iná kì í ba ìkòkò jẹ́. Iná ló ń sọ amọ̀ di ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí n fi amọ̀ ṣe é, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oníkálukú, kí n kọ orúkọ wọn sí i lára."

Ẹnì kan fọhùn láti ẹ̀yìn: "Ìwọ tí o ò mọ A, tí o ò mọ B?" Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín.

"N ó kọ́ ọ," ni Àtọ́kẹ́ wí, ó sì jókòó.

Nígbà tí Fáda dé, ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ó ní òun fún Àtọ́kẹ́ láàyè títí di Ọjọ́ Ìrántí Gbogbo Òkú, ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá. Bí ọjọ́ náà bá pé tí iṣẹ́ ò parí, kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n mọ àgbélébùú kan.

Nílé, Fáṣínà ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àgbẹ̀ ni Fáṣínà, òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ ló ṣì ń bọ, ṣùgbọ́n kò dí aya àti ọmọ lọ́wọ́ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní:

"Àtọ́kẹ́, èèwọ̀ lo fẹ́ jẹ yìí. Òkú àgbà, ó dáa, wá wọn. Ti ọmọ, fi í sílẹ̀. Olútáyọ̀ ṣì wà láyé fún wa, ó ń kọ́ṣẹ́ n'Íbàdàn. Má fojú wá ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún ọ."

Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá Táyọ̀, ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń wí pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, ó tún nù. Ọdún kẹjọ rèé. Ẹ foríjì mí, n ò lè fi í sílẹ̀."

Fáṣínà yí ojú padà, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń dáhùn ìkíni rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan itẹ́ òkú, á dìde kúrò níbẹ̀.

Ibi tí Àtọ́kẹ́ ti ríwèé kọ́ kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọ rẹ̀ rárá. Àwọn ẹbí Onítẹ̀bọmi kan wà n'Ìwó tí wọ́n ti ń ra ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọbìnrin wọn Wùmí sì ń ṣe tíṣà. Gbogbo ọjọ́ tó bá ti gbé ìkòkò lọ sọ́jà, á yà sílé wọn, á jókòó sórí àpótí, Wùmí á sì kọ lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ fún un. Ìyá Wùmí a máa rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ wá wo ọmọ Onítẹ̀bọmi tó ń sọ ọmọ Páàdì di akọ̀wé!"

Ohun tó mọ̀ ni Àtọ́kẹ́ fi ń mọ ohun tí kò mọ̀. O, ó ní ẹnu ìkòkò ni. U, ìkòkò tí wọ́n gé ní ìbú ni. B, igbá méjì tí wọ́n dì mọ́ ara ògiri. Lójú ọ̀nà ilé, pẹ̀lú igbá òfìfo lórí, á máa fi ìka kọ wọ́n sójú afẹ́fẹ́. Ní ẹbu, á tẹ́ amọ̀ tútù sílẹ̀, á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọ orúkọ sí i, á pa á rẹ́, á tún un kọ. N ló yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ó máa ń yí i sódì. Lọ́jọ́ kan ó kọ ÁŃNÀ, Wùmí wò ó, ó ní, "Ẹ mà ṣeun, mà, N àkọ́kọ́ dúró dáadáa, èkejì ló dojú dé."

"Nígbà náà, kí èkejì lọ wo àkọ́kọ́ kó kọ́ ọgbọ́n," ni Àtọ́kẹ́ dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, kò sí orúkọ tí Adéyẹmọ kọ fún un sínú ìwé tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Bó ti ń kọ́wèé ló ń wá ojú oórì. Ojúlé sí ojúlé ló ń lọ. "Ta ló gbẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ta ló dúró lápá orí?" Bó bá rí onítọ̀hún, á mú un lọ sí itẹ́ òkú, á ní, "Ẹ má tíì sọ fún mi. Ẹ ṣáà rìn lọ dúró síbi tí ẹ dúró sí." Àwọn mìíràn á dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ronú, wọ́n á wo igi, wọ́n á wo odò, ẹsẹ̀ wọn á sì gbé wọn lọ. Ibi tí wọ́n bá dúró sí, á ri àpáàdì kan mọ́ ibẹ̀.

Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ lórí sàárè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi emi. Àlàní ní Pétérù bàbá òun ló wà níbẹ̀. Ọládùnní, opó kan tó ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ tà, ní Áńnà ìyá òun ni.

"Bàbá mi ló kọ́kọ́ dé ibí!" ni Àlàní ń pariwo. "Ìdí igi la sin ín sí!"

"Ìdí igi ni ìyá mi náà wà! Èmi ni mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i!"

Adéyẹmọ ní kí wọ́n kọ orúkọ méjèèjì síbẹ̀ kí ìjà tán. Àtọ́kẹ́ mi orí. "Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti purọ́ mọ́ ọ̀kan nínú wọn."

Nàfísátù ló ń kọjá lọ, obìnrin Mùsùlùmí kan tó ń hun ẹní. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú ló ń gbà lọ já koríko ẹní létí odò lójoojúmọ́ láti ogún ọdún. Ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àlàní, ọjọ́ tí ẹ sin bàbá yín, ta ló fún yín lómi mu?"

"Ìwọ ni. Mo rántí."

"Kí ló dé tí òùngbẹ gbẹ yín tó bẹ́ẹ̀? Ẹ kan òkúta ni. Òkúta tí ẹ hú jáde pọ̀ débi pé odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń kọsẹ̀ lára rẹ̀. Òkúta dà níbi tí ẹ dúró sí yìí? Ẹ lọ sí òdìkejì igi, lápá odò, ẹ fi ọkọ́ wa eérú wò."

Àlàní lọ, ó wa ilẹ̀. Ọkọ́ ò tíì lọ sísàlẹ̀ tó fi dún gbìn-ín lára òkúta, ó tún dún, ó tún dún. Ó dúró, ó fi ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó rìn padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Ọládùnní. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìyá yín ló wà níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Nàfísátù di ẹlẹ́rìí fún gbogbo wọn. Òun ló tọ́ka sí ọ̀pọ̀ nínú ojú oórì àwọn ọmọdé, èyí tó le jù, nítorí àwọn tó gbẹ́ wọn ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu wọn. Àtọ́kẹ́ ṣe ìlérí fún àwọn ìyá náà pé ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ kò níí mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá bi òun. Márùn-ún wá. Mẹ́ta ò wá, kò sì bá wọn sọ ọ́. Ti Ọlájùmọ̀kẹ́ nìkan ni Nàfísátù ò lè sọ. Ẹní ló ń tà ní Olúpọ̀nnà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

Nàfísátù náà ló sọ ohun amọ̀ náà lórúkọ. Ó dé ẹbu lọ́jọ́ kan, ó bá wọn nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ, wọ́n gùn ní ìgbọ̀nwọ́ kan, orí wọn yípo, àgbélébùú lókè, orúkọ nísàlẹ̀. "Háà, Àtọ́kẹ́, wàláà lo ń mọ yìí!" ló kígbe, nítorí wọ́n jọ pákó tí àwọn ọmọ kéú ń kọ̀wé sí. Bí gbogbo abúlé ṣe ń pè é ní wàláà nìyẹn.

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, ó to mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jọ sí ẹbu, ó kó èèpo igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, ó tiná bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ: pó, pó, bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ta ló ń kà. Nígbà tí iná kú tó fi ọ̀pá tú eérú, mẹ́jọ péré ló yè. Ó ti mọ wọ́n nípọn jù, inú wọn ò sì tíì gbẹ.

Adéyẹmọ gbọ́, ó wá. Ó bá a lórí ìjókòó, àfọ́kù orúkọ àwọn èèyàn yí i ká. "Ìyá Táyọ̀, ẹ ti gbìyànjú. Fáda náà á mọ̀ pé ẹ gbìyànjú."

"N ò tíì gbìyànjú tán," ni Àtọ́kẹ́ wí. Ó dìde, ó kó àwọn àfọ́kù náà sínú odó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún wọn. Adéyẹmọ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gún un kúnná, wọ́n jọ̀ ọ́, Àtọ́kẹ́ sì pò ó mọ́ amọ̀ tuntun kó má baà sán mọ́. Ó mọ wọ́n ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dá ihò sí ẹ̀yìn wọn kí ooru lè rọ́nà jáde, ó to wọn sórí àjà ilé ìdáná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tó sun wọ́n ní oṣù Kẹwàá, méjì ló fọ́. Ó tún méjì yẹn ṣe.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ri mẹ́tàlélógún mọ́lẹ̀. Ó ku àgbà mẹ́ta tí ẹbí wọn ti kó kúrò lábúlé, ó sì ku ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti lọ gbọọrọ títí dé ọgbà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ó gbé wàláà ọmọ rẹ̀ sí ẹsẹ̀, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀ náà. Ìgbà náà ló gbọ́ ikọ́.

Fáṣínà ló dúró lẹ́yìn ọgbà, ọkọ́ lé e léjìká. Kò wọlé.

"Rìn lọ sí igun tó wà lápá odò," ló wí.

Àtọ́kẹ́ yíjú sí i. "Kí lẹ wí, Bàbá Táyọ̀?"

"Mo ní kí o rìn lọ sí igun. Kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ka ìṣísẹ̀ mẹ́fà." Ó na ọwọ́ sí igun náà. "Wọ́n ní kí n jókòó sílé lọ́jọ́ náà, n ò lè jókòó. Mo tẹ̀ lé wọn. Inú ẹ̀gẹ́ ni mo sá pamọ́ sí, tí mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi bò ó tán."

"Ẹ mọ̀ ọ́n? Láti ọdún mẹ́jọ? Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ pé kí ni? Pé èmi olórí ilé ni mo jẹ èèwọ̀? Mo rò pé bí mo bá dá a gbé, kò níí wúwo lórí rẹ. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Rìn lọ, Àtọ́kẹ́."

Ó rìn lọ. Ó ka ìṣísẹ̀. Ní ẹ̀kẹfà, Fáṣínà ní, "Sún sọ́tùn-ún díẹ̀. Dúró." Ó dúró. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀. Ó ti gbá ibẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rọra ga díẹ̀ síbẹ̀. Omi tó bọ́ lójú rẹ̀ kò pọ̀, kò sì dí i lọ́wọ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ri wàláà náà, ó fi ẹsẹ̀ kì í.

"Kí lo kọ síbẹ̀?" ni Fáṣínà bi í láti ẹ̀yìn ọgbà.

"TÈRÉSÀ, orúkọ ìsàmì rẹ̀, lókè. ỌLÁJÙMỌ̀KẸ́ nísàlẹ̀, gàdàgbà, orúkọ tí ẹ̀yin sọ ọ́."

Fáṣínà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sí èjìká kejì, ó gba oko lọ. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, wọ́n jọ jẹun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ náà: bó ṣe máa ń sá fún omi tútù, bó ṣe máa ń pe ewúrẹ́ ní orúkọ àwọn àgbà abúlé. Láti ọdún mẹ́jọ, kò tíì dárúkọ rẹ̀ nínú ilé náà.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá, Fáda ṣe Mísà, ó sì fi omi mímọ́ wọ́n ojú oórì kọ̀ọ̀kan. Adéyẹmọ ń ka orúkọ láti ara wàláà, kì í ṣe láti inú ìwé. Àwọn ìyá mẹ́ta tí kò fẹ́ mọ̀ dúró sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wàláà àwọn àgbà mẹ́ta tí wọn ò rí ibi tí wọ́n sùn sí dúró pọ̀ lójú kan lẹ́nu ọ̀nà. Àtọ́kẹ́ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Kérésìmesì ó fi ẹsẹ̀ rìn dé Ilé-Ogbó láti wá ẹbí ọ̀kan nínú wọn, ó sì rí wọn. Àwọn méjì yòókù, kò rí ẹni tó mọ̀ wọ́n títí di òní.

Ní ọdún 1957, àwọn ọmọ ìjọ mẹ́rin wá láti Olúpọ̀nnà, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan. Wọ́n kí i, wọ́n jókòó sórí ẹní. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn fẹ́ kó mọ wàláà méjìdínlógún fún itẹ́ òkú tàwọn náà.

"Ṣé ẹ mọ ibi tí oníkálukú wọn wà?" ni Àtọ́kẹ́ bi wọ́n.

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní àwọn mọ díẹ̀.

"Ẹ padà sílé nígbà náà. Ẹ lọ bá àwọn àgbà, ẹ lọ bá àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ sódò, ì báà ṣe Mùsùlùmí, ì báà ṣe ẹlẹ́sìn òrìṣà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n dúró sí. Amọ̀ ò nira, ó wà nílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ló ń dínkù lójoojúmọ́, ẹ yára."

Ó bu omi fún wọn mu, ó sìn wọ́n dé ojú ọ̀nà, ó sì padà sí ẹbu.